Ìkòkò Ẹrẹ̀ Kan àti Ẹja Méje

"Ẹ gbé ìkòkò yẹn sílẹ̀, mọ́mì," ni ilẹ̀kùn wí.

Ọmọ́yẹni ò gbé e sílẹ̀. Ó ti rìn láti Àbàtà Ẹlẹ́tù wá, wákàtí mẹ́ta gbáko nínú oòrùn tó ń yan irun imú èèyàn, ìkòkò lórí, inú rẹ̀ sì gbóná ju orí tó fi rù ú lọ. Kò sì rántí pé òun bí ọmọ kankan tó ń jẹ́ ilẹ̀kùn. Ó fi èjìká tì í. Ilẹ̀kùn náà tì í padà, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí wọ́n kọ́ ní ìwà ọmọlúàbí nílé-ìwé ìjọba.

"Kí ló wà nínú rẹ̀, mọ́mì?"

"Ẹrẹ̀ ni."

"Ṣé ẹrẹ̀ òkú ni, àbí ẹrẹ̀ ààyè?"

Ìbéèrè tó ti ń sá fún láti àárọ̀ nìyẹn. Bó bá ní òkú ni, ilẹ̀kùn á la ẹnu kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á gbé ìkòkò mì, ó di ẹrù ààtàn. Bó bá ní ààyè ni, á béèrè ìwé ẹ̀rí ẹja méje tí òfin fi ń mọ omi ààyè, bẹ́ẹ̀ ìwé ẹ̀rí yẹn gan-an ló ń wá bọ̀ níbí. Ó wo ilẹ̀kùn náà láti òkè délẹ̀, ó pòṣé.

"Ó ń sùn," ló wí.

Ilẹ̀kùn tan iná pupa, ó tan iná aláwọ̀ ewé, ó tún tan pupa. Àwọn tó kọ́ ọ lọ́rọ̀ ò kọ́ ọ ní "ó ń sùn". Nígbà tó rò ó títí tí kò rí ibi tó máa kọ ọ́ sí, ó ṣí.

Gbọ̀ngàn Àjọ Olómi tutù bí inú kànga. Ẹni tó bá ti ìta wọlé á kọ́kọ́ gbọ̀n, lẹ́yìn náà inú á wá bí i. Ògiri tó wà lẹ́yìn tábìlì ọ̀gá ló ń ṣe é: ògiri amọ̀ gbọọrọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́, tí omi ń rọra ṣàn lójú rẹ̀ láti inú páìpù tó wà lókè, tó ń kán sínú gọ́tà tóóró kan lẹ́sẹ̀ ògiri tí wọ́n fi pákó bò. Láti ọdún tí ooru ti pa akọ̀wé mẹ́rin lórí àga lọ́jọ́ kan ṣoṣo ni òfin ti ní kí ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan ní ògiri tó ń mumi. Ooru ń pa àwọn tí kì í ṣe akọ̀wé náà, àmọ́ ilé tiwọn ni wọ́n ti ń kú, kò sì sẹ́ni tó ṣòfin lé ìyẹn lórí.

Lórí àkàbà ní igun ògiri, Lámídì arẹ́lé ń lẹ ibi tó ti sán. Ọmọ́yẹni mọ̀ ọ́n dáadáa, òun ló rẹ́ ilé bàbá rẹ̀ kí Àjọ tó gbà á síṣẹ́. Ó kí i. Lámídì dáhùn, àmọ́ kò wo ojú rẹ̀. Ìyẹn náà bí i nínú. Ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìbínú yòókù, ó ń lọ.

Ọ̀gá Ṣóbándé wà nídìí tábìlì. Òun ni olórí Àjọ Olómi ní gbogbo agbègbè náà, ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì, tí fìlà rẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ó máa ń tẹ orí ba kó tó gba ẹnu-ọ̀nà kọjá. Òǹtẹ̀ kan wà níwájú rẹ̀ tó tóbi tó ọmọ odó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni akẹ̀mí dúró sí, ẹ̀rọ tó tó ewúrẹ́, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tí ìrù rẹ̀ gùn bí okùn kànga. Ìrù yẹn ló máa ń tì bọ omi. Ohunkóhun tó bá ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, á kà á.

Bí akẹ̀mí ṣe rí Ọmọ́yẹni, ó ká ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ káàbọ̀, ìyá wa."

Òfin ni. Láti ìgbà tí àwọn àgbà ti fi òkúta fọ́ ẹ̀rọ mọ́kànlá nítorí àìmọ̀wàáhù, ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ kankan ò gbọdọ̀ bá ẹni tó ti pé àádọ́ta ọdún sọ̀rọ̀ lóòró. Ọmọ́yẹni ti pé mẹ́tàléláàádọ́ta. Ó ku ọdún mẹ́sàn-án kí ẹ̀rọ tó dọ̀bálẹ̀ fún Ṣóbándé, ó sì ń dùn ún. Ẹ ò ní mọ̀ àfi tí ẹ bá wo bó ṣe ń wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà nílẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ jókòó," ni Ṣóbándé wí. "Ẹ dákẹ́ ná, kí ẹ tẹ́tí. Ṣé ẹ gbọ́ ẹ̀fọn?"

Ọmọ́yẹni ní òun ò wá gbọ́ ẹ̀fọn.

"Kò sí ni. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé, ẹ̀fọn kan ò kùn nínú gbọ̀ngàn yìí. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì tó kù, wọ́n ń gbá ara wọn létí láti àárọ̀ dalẹ́. Mo sọ fún àwọn ọ̀gá wa lókè pé ọwọ́ tó mọ ilé tún ṣe ni."

Kí ẹ lè mọ ohun tó mú obìnrin yìí gbé ìbínú rìn fún wákàtí mẹ́ta: oṣù kan sẹ́yìn, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti mú àbàtà gbẹ, tí ilẹ̀ rẹ̀ ti la bíi gìgísẹ̀ àgbàlagbà, akẹ̀mí yìí wá sí Àbàtà Ẹlẹ́tù. Ó ti ìrù bọ ibi tó la. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Òfo." Ọmọ́yẹni, tó jẹ́ olùṣọ́ àbàtà náà bí bàbá rẹ̀ ṣe jẹ́, sọ fún wọn pé kò lè ṣàì jẹ́ òfo, kí wọ́n padà wá lẹ́yìn òjò kẹta. Wọ́n ní òfin ò mọ ẹ̀ẹ̀rùn yàtọ̀ sí òjò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà tó lọ pọnmi níbi tó jìn, ọkọ̀ ńlá kan dé, ó fá ẹrẹ̀ àbàtà náà ní igbọ̀nwọ́ kan wọlẹ̀, láti etí dé etí. Ìgbà tó máa fi dé, amọ̀ funfun ló kù, tó ń dán bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Kò sẹ́ni tó sọ ibi tí wọ́n kó ẹrẹ̀ ọ̀hún lọ fún un. Ó béèrè títí ohùn rẹ̀ fi há.

Ìkòkò yìí nìkan ló ṣẹ́ kù. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ: bí àbàtà bá ti ń gbẹ, kó bu ẹrẹ̀ láti àárín gbùngbùn rẹ̀, kó fún omi rẹ̀ títí á fi rí bí aáṣáà tútù, kó sì gbé e sábẹ́ ibùsùn nítorí ọdún tí ẹyẹ bá ṣa àbàtà jẹ. Bàbá náà ò ronú kan ọdún tí Àjọ máa ṣa àbàtà jẹ. Lónìí, Ṣóbándé máa tẹ òǹtẹ̀ pé omi òkú ni Ẹlẹ́tù. Lọ́la, wọ́n á to awo oòrùn síbẹ̀ láti wá iná tí wọ́n á fi fa omi sí ògiri àwọn ọ́fíìsì.

Ọmọ́yẹni gbé ìkòkò sórí tábìlì, gbà, lórí àwọn ìwé.

"Ẹyin ló wà nínú rẹ̀, ọ̀gá. Ẹ fi awò wò ó. Ẹ máa rí ojú wọn nínú ẹyin, á máa wò yín."

"Òfin sọ pé ẹja, mọ́mì. Bí ẹyin bá jẹ́ ẹja, a jẹ́ pé adìẹ méjì ni mo fi jẹ búrẹ́dì láàárọ̀ yìí."

Ó rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé méjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n sì wo ara wọn bóyá ó tó. Lórí àkàbà, Lámídì ò rẹ́rìn-ín. Bí Ọmọ́yẹni ṣe ṣí ìkòkò tí òórùn ẹrẹ̀ náà jáde ni ọwọ́ rẹ̀ ti dúró lójú ògiri. Ó bu díẹ̀ nínú amọ̀ tó wà nínú páànù rẹ̀, ó gbé e sí imú, ó sì rọra dá a padà.

Ṣóbándé ní kó ṣàlàyé fún òun, kí gbogbo ilé gbọ́, irú ẹja wo ni kì í gbé inú omi. Ọmọ́yẹni ṣàlàyé. Ó ti ṣàlàyé lẹ́ẹ̀mẹfà fún akọ̀wé mẹ́fà, ṣùgbọ́n ó tún ṣàlàyé, ó ń fi ìka gbá tábìlì bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ní arójòjí ni wọ́n ń jẹ́ nílé àwọn, ìran ẹja kéékèèké tí kì í ju ìka ọwọ́ lọ. Pé akọ rẹ̀ ló ń múra: ara àwọ̀ aró, àmì pupa wínníwínní bí ẹni pé epo ta sí i lára, ìrù tí etí rẹ̀ pọ́n bí òdòdó. Abo rí bí eérú, torí òun ló níṣẹ́ ṣe. Ó ní ọmọ ẹ̀fọn ni oúnjẹ wọn, pé wọ́n lè fò jáde nínú omi ga ju orúnkún lọ, pé ayé wọn ò tó ọdún kan. Ìbátan wọn tó ń gbé odò tí kì í gbẹ máa ń lẹ ẹyin mọ́ gbòǹgbò, àmọ́ ti àwọn tó ń gbé àbàtà yàtọ̀. Wọ́n á gbẹ́nu bọ ẹrẹ̀, wọ́n á sin ẹyin ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń gbin àgbàdo. Omi á gbẹ. Bàbá á kú, ìyá á kú. Ẹyin á dúró.

"Gbogbo ìran wọn," ló wí, "kò sí ìyá kan tó rí ojú ọmọ rẹ̀ rí. Síbẹ̀ wọn ò parẹ́, láti ìgbà tí àwọn bàbá ńlá yín ò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ òǹtẹ̀. Àbàtà kọ̀ọ̀kan ló sì ní aṣọ tirẹ̀. Irú ti Ẹlẹ́tù ò sí níbòmíràn. Ẹ bá mi wá a lọ, bí ẹ bá rí i, mo yọwọ́."

Ṣóbándé na ọwọ́ sí ìkòkò omi tútù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó bu omi sínú abọ́ funfun kan, ó sún un síwájú Ọmọ́yẹni.

"Ó dáa, mọ́mì. Ẹ da ẹrẹ̀ yín sí i. Bí ẹja méje bá lúwẹ̀ẹ́ níbí kí iṣẹ́ òní tó parí, mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́, mi ò ní tẹ òǹtẹ̀."

Ọmọ́yẹni wo omi náà.

Kò bá èyí wá. Ó kàn fẹ́ kí wọ́n wò ó ni, kí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn tẹ ojú mọ́ awò fún ìṣẹ́jú kan. Bó bá da ẹrẹ̀ yìí sómi, ẹja máa jí. Òjò sì ku oṣù méjì. Àbàtà ti di orí fífá. Níbo ni ẹja tó jí máa gbé, nínú abọ́ ìmumi Ṣóbándé? Wọ́n á kú kí oṣù yìí tó parí, gbogbo ohun tí bàbá rẹ̀ gbé sábẹ́ ibùsùn fún ogójì ọdún á bá wọn lọ. Bó bá sì kọ̀, òǹtẹ̀ balẹ̀, awo oòrùn bo ilẹ̀, ìkòkò náà á wà lábẹ́ ibùsùn, á máa dúró de àbàtà tí kò sí mọ́. Kò sí ọ̀nà tí kò pa wọ́n. Ohun tó tún wá bí i nínú jù ni pé ọmọkùnrin yìí mọ̀. Ó rí i lójú rẹ̀ pé ó mọ̀, ó sì ń gbádùn rẹ̀.

"Àbí wọ́n ṣì ń sùn?" ni Ṣóbándé bi í.

Ọwọ́ Ọmọ́yẹni ló dáhùn kó tó ronú tán. Ó ki ọwọ́ bọ ìkòkò, ó gé ẹrẹ̀ náà sí méjì bí ẹni gé ẹ̀kọ, ó da ìdajì sínú abọ́, ó sì fi ìdérí bo ìyókù. Ìdajì yẹn nìkan ni ọgbọ́n tó ráyè nínú ìbínú rẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Ṣóbándé ní kí wọ́n gbé oúnjẹ ọ̀sán òun wá. Ẹ bi mí léèrè ohun tó jẹ: ẹja díndín. Ó jókòó síwájú abọ́ náà, ó ń fa egungun láàárín eyín, ó ń béèrè lọ́wọ́ abọ́ bóyá ó ti jí. Akẹ̀mí ti ìrù bọ abọ́, ó ń dúró. Ọmọ́yẹni dúró lóòró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àwọn ẹja náà kí wọ́n jí, lẹ́yìn náà ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má jìí. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ń bẹ̀, ó bú ara rẹ̀.

Wákàtí kan kọjá. Èkejì ń lọ sópin nígbà tí nǹkan kan yọ lójú omi. Kò ju irun ìpéǹpéjú lọ, ojú fàdákà méjì lórí irun ìpéǹpéjú kan. Ó fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, ó dúró bí ẹni tó wọ ilé onílé.

Akẹ̀mí dọ̀bálẹ̀. "Ọ̀kan," ló wí.

Ṣóbándé gbé egungun ẹja sílẹ̀.

"Méjì," ni akẹ̀mí wí. Láìpẹ́, "Mẹ́ta."

Ọmọ́yẹni di etí tábìlì mú. Ó ń wo ẹrẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ abọ́ bí ẹni ń wo ẹnu ọ̀nà. Wọ́n dúró. Wọ́n tún dúró, títí àkókò iṣẹ́ fi tán. Ó mọ̀. Ó ti mọ̀ kó tó da ẹrẹ̀ sómi, inú tó bí i ni kò jẹ́ kó rántí: arójòjí kì í jí tán lẹ́ẹ̀kan. Díẹ̀ á jí fún òjò kìíní, ìyókù á dúró de òmíràn, torí òjò kìíní lè wá kó má padà mọ́. Ìdí tí wọ́n fi wà láyé nìyẹn. Ìdí náà ló wá fẹ́ lé wọn kúrò láyé lónìí.

"Mẹ́ta," ni akẹ̀mí tún wí, bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀.

"Mẹ́ta kì í ṣe méje," ni Ṣóbándé wí. Ó nu ọwọ́, ó dìde, ó tún fìlà ṣe. Ó gbé òǹtẹ̀ sókè, àmọ́ kò tíì tẹ̀ ẹ́, nítorí ó fẹ́ sọ̀rọ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́, ó sì sọ ọ́ gùn. Ó sọ̀rọ̀ nípa ìtẹ̀síwájú. Ó sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó ń gbé ìkòkò dí ọ̀nà ìlú. Nígbà tó ṣe, ó rí i pé ìrù akẹ̀mí ń kán ẹrẹ̀ sórí tábìlì òun.

"Kó o lọ fọ ìrù ẹ nínú gọ́tà," ló sọ fún ẹ̀rọ náà. "Mi ò fẹ́ ẹrẹ̀ òkú nínú ọ́fíìsì mi."

Akẹ̀mí rìn lọ sí ẹsẹ̀ ògiri, ó ti ìrù gba àárín pákó méjì bọ inú gọ́tà.

Ó dúró bẹ́ẹ̀. Ó yíjú sí Ọmọ́yẹni, ó ká ẹsẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀.

"Mẹ́rin," ló wí.

Ṣóbándé ní kí ló wí.

"Márùn-ún. Mẹ́fà. Méje. Mẹ́jọ."

"Ẹ pa ẹ̀rọ yẹn," ni Ṣóbándé sọ fún àwọn akọ̀wé. Kò sẹ́ni tó mira. Ẹni tó bá dá akẹ̀mí dúró kó tó kà tán, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá ni, wọ́n sì ti kọ ọ́ mọ́ ara ògiri pẹ̀lú lẹ́tà ńlá níbi tí wọ́n ti ń rí i lójoojúmọ́. Akẹ̀mí ń kà lọ. Ó kọjá ogún, ó kọjá ọgọ́rin. Ohùn rẹ̀ tó máa ń rí bíi ti ẹni tó ń ka orúkọ òkú ti ń ga sókè. Nígbà tó dé igba ó lé mọ́kànlá, ó simi.

Ọmọ́yẹni ti wà lórí orúnkún lẹ́sẹ̀ ògiri. Ó gbé pákó kan kúrò. Nínú gọ́tà tóóró yẹn, nínú omi tó dúdú fún ẹrẹ̀, wọ́n pọ̀ bí òjò wẹẹrẹ, àwọn kan ti tó èékánná, ìrù ọ̀kan méjì sì ti ń gbìyànjú láti pọ́n. Kò sí ọmọ ẹ̀fọn kan ṣoṣo níbẹ̀.

Ó yíjú wo ògiri. Ó wo omi tó ń ṣàn lójú rẹ̀. Ó ta ìka sára amọ̀ náà, ó gbé e sí imú. Ẹni tó ti fi ọ̀sẹ̀ méjì béèrè ibi tí àbàtà òun wà rí i, tó dúró lóòró, tí wọ́n fi irin rẹ́ tó ń dán, lẹ́yìn àga ẹni tó ń béèrè ẹja lọ́wọ́ rẹ̀.

"Omi ààyè ni," ni akẹ̀mí kéde. "Kí gbogbo ẹni tó wà nídìí rẹ̀ bọ́ bàtà. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa omi rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mú ohunkóhun kúrò nínú rẹ̀."

Àwọn akọ̀wé bọ́ bàtà kíá. Ṣóbándé náà bọ́ tirẹ̀, àmọ́ ojú rẹ̀ ti ń tàn. Ó ti rí ibì kan gbà.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Omi ààyè ni, omi Àjọ ni, ẹja Àjọ ni. Mọ́mì, ẹ ṣeun tí ẹ bá wa rí i. Ti Ẹlẹ́tù ṣì jẹ́ mẹ́ta." Ó tún gbé òǹtẹ̀.

Ọmọ́yẹni dìde lórí orúnkún rẹ̀. Láti àárọ̀ ló ti ń pè é ní ọ̀gá, tó ń ki "ẹ" bọ gbogbo ọ̀rọ̀ bí ẹni ń ki owú bọ ọgbẹ́. Ó tán.

"Ìwọ ọmọ yìí," ló wí, láìpariwo. "O jí àbàtà mi, o fi rẹ́ ògiri. O fi omi rin ín lójoojúmọ́ kí ara lè tù ọ́. Àwọn ẹja tí o ní wọn ò sí, àwọn ló ń jẹ ọmọ ẹ̀fọn tó yẹ kó jẹ ọ́. O jókòó tì wọ́n, o ń jẹ ẹja díndín, o wá ní kí n mú ẹja wá. Tẹ̀ ẹ́. Tẹ̀ ẹ́ kí n rí i."

"Ẹ ní ẹ̀rí pé ẹrẹ̀ yín ni? Ibi púpọ̀ ni ẹrẹ̀ wà."

Kò ní. Kò rí ọkọ̀ náà. Gbogbo ilé mọ̀ pé kò ní.

Lórí àkàbà, irin bọ́ sínú páànù. Lámídì ń sọ̀kalẹ̀, ó ń fara balẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó mọ̀ pé òun ò ní gùn ún mọ́. Ó débẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọ̀gá.

"Láti Àbàtà Ẹlẹ́tù ni wọ́n ti gbé e wá," ló wí. "Èmi ni mo já a nínú ọkọ̀. Èmi ni mo pò ó. Ọ̀gá ló ní kí n má sọ." Ó yíjú sí Ọmọ́yẹni. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Mo rò pé ẹrẹ̀ lásán ni. Ìgbà tí mo gbóòórùn ti inú ìkòkò yín ni mo mọ̀ pé irú ẹyin yẹn ló wà nínú èyí tí mo ń rẹ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì."

"Mo ń bínú," ni Ọmọ́yẹni wí. "Má ní kí n má bínú. Ṣùgbọ́n o ṣeun."

Akẹ̀mí ti ti ìrù bọ abọ́, ó ti tún un tì bọ gọ́tà, ó tún padà sí abọ́. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní ìran kan náà ni, aṣọ kan náà, ẹrẹ̀ kan náà. Ó ní omi ààyè tí wọ́n bá gbé kúrò nílé rẹ̀ láìgba àṣẹ olùṣọ́ ṣì jẹ́ ti ilé rẹ̀, níbikíbi tó bá wà. Igba ó lé mọ́kànlá, ti Àbàtà Ẹlẹ́tù ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó gbé e ló máa dá a padà sílé, ọjọ́ tí olùṣọ́ bá dá ni. Títí di ọjọ́ náà, ibi tí omi wà wà lábẹ́ olùṣọ́.

Ṣóbándé gbọ́ ọ. Ó gbọ́ ọ dáadáa. Ó fò sídìí ògiri, ó na ọwọ́ sókè síbi ìdérí páìpù láti pa omi, bóyá torí pé ògiri gbígbẹ á padà di òfo kó tó di òwúrọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kàn án. Àmọ́ ọkùnrin tó fi ìbọ̀sẹ̀ nìkan dúró lórí pákó tútù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dúró sójú kan. Ó yọ̀. Kò ṣubú, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ rò ó, ó di ògiri mú, ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wọ inú amọ̀. Fìlà rẹ̀ nìkan ló ṣubú. Ó yí lẹ́ẹ̀kan, ó balẹ̀ sínú gọ́tà, ó dojú sókè, ó kún fómi.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un. Ẹja kan ti wọ inú rẹ̀.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án," ni akẹ̀mí wí, lóòró. "Ẹ̀mí kan ti wà nínú rẹ̀. Omi ààyè ni."

Akọ̀wé kan rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó ní kó rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

Ọmọ́yẹni gbé abọ́, ó rọra da àwọn mẹ́ta sínú gọ́tà sáàárín àwọn yòókù. Ẹrẹ̀ tó kù nínú abọ́, àwọn tó kọ̀ tí wọn ò jí, ó kó o, ó fún omi rẹ̀ títí ó fi rí bí aáṣáà, ó dá a padà sínú ìkòkò. Ó gbé ìkòkò náà sábẹ́ tábìlì ọ̀gá, níbi tí ẹsẹ̀ ọ̀gá máa ń wà. Òǹtẹ̀ ńlá yẹn ló wá fi tẹ ìdérí rẹ̀ kó má bàa ṣí. Ó jókòó sórí àga. Àga náà rọ̀. Ìyẹn náà bí i nínú.

"Lẹ́yìn òjò kẹta," ló wí, "ẹ ó kó ògiri yìí padà sílé. Ẹ ò ní lo ọkọ̀. Orí ni ẹ ó fi rù ú, ìwọ ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé e lé. Lámídì á wò ó pé amọ̀ kankan ò ṣẹ́ kù. Ní báyìí, ẹ máa lọ síta."

Wọ́n jáde, wọ́n gbé bàtà lọ́wọ́. Oòrùn ń dúró dè wọ́n. Lẹ́nu ọ̀nà, Ṣóbándé yíjú padà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa gba ẹnu-ọ̀nà yẹn láìtẹ orí ba, orí rẹ̀ sì kéré ju bí gbogbo èèyàn ṣe rò lọ.

"Mọ́mì," ló wí, "fìlà mi ńkọ́?"

Ọmọ́yẹni wo inú gọ́tà. Ẹja tó wà nínú fìlà náà ń lọ yípo, ó ń lọ yípo, bí onílé tó ń wo yàrá rẹ̀.

"Ó ń sùn," ló wí.

Ilẹ̀kùn tan iná pupa, ó tan iná aláwọ̀ ewé. Lọ́tẹ̀ yìí kò rò ó pẹ́. Ó tì.